Ìgò Tí Ìyá Funfun Rà Wálé

Oṣù keje tí ọkọ rẹ̀ ti fi ọtí sílẹ̀ ni Ìyá Funfun lọ ra ọtí wá sílé.

Òun fúnra rẹ̀ kì í mutí. Ọtí ò kan ahọ́n rẹ̀ rí. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ rẹ̀, ó rìn kọjá títì mẹ́ta lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ó ra ìgò kan, irú èyí gan-an tí ọkọ rẹ̀ máa ń mu láyé ìjọ́sí. Ó fi aṣọ ìnura wé e bí ọmọ tuntun, ó gbé e délé, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì ilé ìdáná. Ó wò ó. Ó tún sún un síwájú díẹ̀, kí ẹni tó bá ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé lè tètè rí i. Lẹ́yìn náà ló fa àga, ó jókòó, ó ń retí ọkọ rẹ̀.

Ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó jẹ́.

Alágbàfọ̀ ni. Aṣọ funfun ló sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀jẹ̀, epo mọ́tò, tàdáwà, ìpara ojú, kò sí àbàwọ́n tó lè dé orí aṣọ funfun tí obìnrin yìí ò ní mọ ohun tó máa ṣe sí i. Àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé aṣọ wá, àwọn alásè ilé ìtura ń gbé tiwọn wá, adájọ́ kan sì wà tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan kọ́là òun. Àwọn oníbàárà máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ká ní ẹ̀ṣẹ̀ ṣe é fọ̀ ni, ẹnu ọ̀nà Ìyá Funfun ni gbogbo ayé ì bá tò sí. Kò bímọ. Àwọn oníbàárà yìí kan náà ló fún un ní "ìyá" tó wà níwájú orúkọ náà, ó sì gbà á lọ́wọ́ wọn tayọ̀tayọ̀.

Ilé ìtẹ̀wé ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Atẹ̀wé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkùnrin gíga ni, oníwà pẹ̀lẹ́, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti fẹ́ra wọn. Nínú rẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọtí fi ṣe ẹnì kẹta wọn nínú ilé.

Ohun tí ojú Ìyá Funfun rí láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹnu ò lè sọ ọ́ tán. Bí Atẹ̀wé bá ṣubú sí gọ́tà, òun ló ń lọ gbé e. Bí ó bá bì sára, òun ló ń bọ́ ọ láṣọ, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fọ aṣọ náà, tó ń sá a kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn aládùúgbò má bàa rí i. Bí kò bá lè dìde lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Lónìí, ibà ni. Lọ́la, inú rírun ni. Lọ́tùn-únla, àbúrò bàbá ọkọ òun ló kú. Àbúrò bàbá yìí kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, títí ọ̀gá fi béèrè pé, "Ìyá Funfun, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kì í sin bàbá yìí dáadáa ni?"

Àwọn èèyàn ń kí i kú ìfaradà. "Obìnrin bíi tìẹ ṣọ̀wọ́n." "Ká ní kì í ṣe ìwọ ni, ọkùnrin yẹn ì bá ti kú." Á ní, "Kí ni mo ṣe?" Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà á rọra já sí i nínú bí oúnjẹ gbígbóná ṣe ń já sínú ẹni tí ebi ń pa.

Ìgbà tó yá, Atẹ̀wé fi ọtí sílẹ̀. Ẹnì kankan ò fi ipá mú un, Ìyá Funfun gan-an ò sì mọ̀ sí i. Ìpàdé àwọn ọkùnrin kan ló ń lọ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, lálẹ́ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Wọ́n á jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn, wọ́n á máa sọ òótọ́ fún ara wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti fi lọ kó tó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyá Funfun sunkún lọ́jọ́ náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀. Ìgbà tí omijé náà gbẹ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ ara rẹ̀. Nínú ilé alágbàfọ̀! Kọ́là á wọ́, ìlà á gun orí ìlà, òun á sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ jáde, inú rẹ̀ á máa dùn. Ó ń po tíì fúnra rẹ̀. Ó ń pe ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ó bá máa pẹ́. Ohunkóhun tí ìyàwó rẹ̀ bá dìde láti ṣe, á ní, "Má ṣe ìyọnu, mo ti ṣe é." Gbólóhùn náà wá di ọ̀bẹ lára Ìyá Funfun. Ó ń yọ́ gbé ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, ó ń fi kọ́là rẹ̀ símú, ó ń wá òórùn ọtí. Ọṣẹ àti tàdáwà nìkan ló máa ń gbọ́. Ọkàn rẹ̀ á wá rẹ̀wẹ̀sì, bí ẹni tó rìn jìnnà lọ kí ará rẹ̀ tí kò bá a nílé. Ó máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀sán gangan, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí itan, kò ní mọ ohun tó tún kàn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ọjọ́ ìgò.

Aago márùn-ún ni Atẹ̀wé wọlé. Ó rí i, ó dúró.

"Ta ló ni èyí?"

"Oníbàárà kan ló fún mi. Ó ní òun fi kí mi kú iṣẹ́ ni."

Atẹ̀wé wo ìgò náà, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó gbé e, ó ṣí i, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé ìdáná. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú síǹkì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ọrùn ìgò ń lu etí síǹkì kò, kò, kò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Ìyá Funfun nígbà náà, ó pẹ́ kó tó lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọwọ́ yẹn ṣe ń gbọ̀n, inú rẹ̀ dùn. Kì í ṣe díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Ó dìde, ó la apá méjèèjì. "Ẹ wá, ẹ jẹ́ kí n dì yín mú."

Atẹ̀wé fà sẹ́yìn. Ó gbé ìgò òfìfo kalẹ̀, ó jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin ìpàdé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ìpàdé. Ìyá Funfun dúró láàárín ilé ìdáná, apá rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rù bà á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí. Akọ̀wé tó ń gba orúkọ jókòó sẹ́yìn fèrèsé kékeré kan, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ta ni aláìsàn, mà?"

"Èmi ni."

"Kí ló ń ṣe yín?"

Ìyá Funfun wo ẹ̀yìn. Èèyàn mẹ́fà ló tò sí i lẹ́yìn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkọ mi ti fi ọtí sílẹ̀."

Akọ̀wé gbójú sókè. "Ẹ kú oríire, mà. Ta wá ni aláìsàn?"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá Funfun náà rẹ́rìn-ín, kí ojú má bàa ti akọ̀wé. Ní ìgbẹ̀yìn, "àìróorunsùn" ni wọ́n kọ sínú ìwé, wọ́n ní ẹni tó ń tọ́jú irú ọ̀rọ̀ ọkàn bẹ́ẹ̀ máa ráyè rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́rin.

Kò lè dúró fún oṣù mẹ́rin. Nínú àpò ṣòkòtò oníbàárà kan ló ti rí káàdì olùdámọ̀ràn kan, ẹni tó ń bá tọkọtaya yanjú ọ̀rọ̀, ó sì wá a lọ. Ọ́fíìsì náà tutù, kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ mì, ọkùnrin náà sì lóhùn dídẹ̀. Ìyá Funfun ro gbogbo ohun tó ti ṣe fún Atẹ̀wé fún un, láti orí gọ́tà dé orí fóònù. Ọkùnrin náà mi orí. "Ìyá, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé akọni ni yín?"

Ìyá Funfun sunkún. Ọjọ́ yẹn, ó sùn dáadáa. Ó padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ro ìtàn kan náà, ọkùnrin náà tún yìn ín. Bí ẹni tó ń lọ jẹun ló ṣe ń lọ. Ìgbà kẹta ló tó mú ọ̀rọ̀ ìgò kúrò lábẹ́ ahọ́n.

Olùdámọ̀ràn rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ẹ̀ ń dán an wò ni? Ó sì yege! Ẹ lọ fọkàn balẹ̀, ìyàwó rere ni yín."

Ìyá Funfun sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń ro iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Alágbàfọ̀ tó bá da omi gbígbóná lé ẹ̀jẹ̀ kó tó wo ohun tó jẹ́, ó ti sọ àbàwọ́n náà di ti ayérayé. Ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ wo aṣọ. Ó kàn rọ́ omi lù ú ni. Ìyá Funfun ò padà síbẹ̀ mọ́.

Ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́, òun ni kò rò sí rárá. Aránṣọ kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀, obìnrin aláriwo tí kì í gbé ọ̀rọ̀ pamọ́. Lọ́jọ́ kan, ó yọjú wọlé.

"Ìyá Funfun, o ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣé o fẹ́ kó sọ̀rọ̀ ni?"

Ìyá Funfun gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì tú jáde. Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Ó fi eyín já òwú kan tó rọ̀ lára aṣọ rẹ̀.

"Èmi náà ti débẹ̀," ó ní. "Ọ̀gbẹ́ni tèmi kó lọ bá ìyàwó tuntun, ṣé o rántí? Ohun tí o ò mọ̀ ni pé mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá mi fọ abọ́ kí n tó gbé e padà wálé."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, Aránṣọ kọ àdírẹ́sì kan sẹ́yìn páálí abẹ́rẹ́.

"Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọkàn ló ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n kò ní yìn ẹ́. Bó o bá ń wá ẹni tó máa yìn ẹ́, má débẹ̀."

Orí òkè ilé ìtajà ọ̀dà ni yàrá náà wà. Àga méjì, fèrèsé kan, aago kan lára ògiri. Obìnrin tó ń tọ́jú ọkàn yìí ti dàgbà, ó tín-ín-rín, ó máa ń húkọ́ gbígbẹ nítorí òórùn ọ̀dà tó ń ti ìsàlẹ̀ wá. Lọ́jọ́ kìíní, Ìyá Funfun sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan. Nígbà tó dákẹ́, obìnrin náà ní:

"Mo ti mọ ibi tí wọ́n bí ọkọ yín sí. Mo mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mutí, mo mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo mọ apá tó máa ń fi sùn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ̀yin?"

"Èmi ni ìyàwó rẹ̀."

Ìyá Funfun wá ọ̀rọ̀ mìíràn títí, kò rí. Aago ń dún lára ògiri.

Lọ́jọ́ kejì tó débẹ̀, ó béèrè orúkọ àìsàn òun. Atọ́jú-ọkàn ní, "Ó ní orúkọ gígùn nínú ìwé wa, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí ìwé tó dé. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ẹ so ẹ̀mí yín mọ́ ìṣòro ẹlòmíràn. Bí ìṣòro náà bá lọ, ẹ ò níbi tí ẹ máa dúró sí."

"Èwo ni èmi níbẹ̀, okùn àbí adìyẹ?"

"Ẹ máa rò ó."

Ó rò ó fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ìdáhùn ò wá. Ohun tó wá sí i lọ́kàn jù lọ ni ikọ́ obìnrin náà. Bí ó bá ń sá aṣọ, ikọ́ yẹn ni. Bí ó bá ń lọ̀ ọ́, ikọ́ yẹn ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó gbé oyin gidi lọ, ojúlówó, ó ti pò ó mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, ó dà á sínú ìgò mímọ́ tónítóní.

"Ẹ ṣeun gan-an," ni Atọ́jú-ọkàn wí. "Mi ò ní gbà á."

Ó dà bíi pé wọ́n gbá a létí. "Kí ló burú nínú kí n ṣe yín lóore?"

"Kò burú. Ẹ jẹ́ ká kàn bi ara wa ní nǹkan kan. Bí mo bá mu ún, kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀?"

"Kí ara yín yá."

"Bí ara mi bá wá yá ńkọ́?"

Ojú Ìyá Funfun ṣókùnkùn bí ìgbà tí òjò bá ṣú. Láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òun nígbà tí ìyá òun dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún méjì. Òun lòun ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ń pe òun ní ìyá kékeré. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá òun dìde jókòó, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ òun, ó ní, "Ó tó, lọ ṣeré." Òun jáde síta. Àwọn ọmọdé ń ṣeré níbẹ̀. Òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Mo dúró lẹ́bàá ògiri títí ilẹ̀ fi ṣú," ó ní. "Mo ń gbàdúrà pé kí àìsàn yẹn padà wá."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ ọ́ jáde. Kò fúyẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ó tú àpò aṣọ ìdọ̀tí kan sáàárín yàrá, tí kò sì sí omi.

Atọ́jú-ọkàn kìlọ̀ fún un kó má tíì sọ ọ̀rọ̀ ìgò fún ọkọ rẹ̀, kí àwọn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí i. Ìyá Funfun ò lè mú un mọ́ra. Ó fẹ́ kí ẹnì kan dárí jì í lọ́jọ́ náà gan-an. Ó bá Atẹ̀wé nídìí áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀la.

"Èmi ni mo ra ìgò yẹn," ó ní. "Kò sí oníbàárà kankan."

Atẹ̀wé ò dáwọ́ dúró. "Mo mọ̀. Oníbàárà wo ló máa mọ irú èyí tí mo máa ń mu gan-an? Ọ̀sẹ̀ kẹwàá rèé tí mo ti ń retí kó o sọ ọ́."

"Ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ẹ́. Ìyẹn kọ́ ni." Ó fa okùn áyọ́ọ̀nù yọ, ó jókòó. "Ẹ̀rù rẹ ń bà mí, Ìyá Funfun. Bí mo bá wọ ilé yìí, mo máa ń wo ojú ẹ kí n tó wo ibòmíràn. Bí orí bá fọ́ mi, inú ẹ máa ń dùn. Bí mo bá sùn dáadáa, o máa ń fajú ro. Ká ní mo bínú sí ẹ ni, ì bá rọrùn. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró síbí, màá mu ún."

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa lọ, ó ní, ibi tí bọ́ọ̀sì méjì ń gbéèyàn dé. Ó gbé àpótí sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Funfun ti na ọwọ́ sí àwọn ṣẹ́ẹ̀tì.

"Jọ̀ọ́," ni Atẹ̀wé wí, "jẹ́ kí n dì í fúnra mi."

Ìyá Funfun bá jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì létí bẹ́ẹ̀dì náà, ó ń wò ó. Atẹ̀wé ò mọ aṣọ ká. Ó ń rún apá ṣẹ́ẹ̀tì sínú, ó ń ki ìbọ̀sẹ̀ bọ igun, ó di ṣòkòtò funfun kan mọ́ bàtà. Mọ́ bàtà! Ọwọ́ ń yún Ìyá Funfun lábẹ́ itan bí ẹni pé èèrà wà níbẹ̀. Atẹ̀wé pa àpótí dé, kò dé, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e. Ó fọwọ́ kan Ìyá Funfun léjìká bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù tó ṣì gbóná, ó sì jáde.

Láti ọjọ́ náà, ilé wá tóbi. Ìyá Funfun á fọ aṣọ ara rẹ̀, kò ní ju ẹ̀wù méjì lọ, á ti parí kí omi tó hó. Ó lọ sí orí òkè ilé ọ̀dà lọ́jọ́ Àìkú mẹ́ta tẹ̀ léra, ilẹ̀kùn wà ní títì, ó kàn fẹ́ dúró níwájú rẹ̀ ni. Lọ́jọ́bọ̀ tó bá sì yẹ kó wọlé, á jókòó láìsọ̀rọ̀. Atẹ̀wé máa ń pè é lọ́jọ́ Ẹtì. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó ń ṣàwàdà. Lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan, Ìyá Funfun máa ń dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn àpò aṣọ ẹlẹ́gbin, títí ara á fi tutù.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé pè é.

"Ìyàwó, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ o. Ọkọ rẹ tún lọ fẹnu kan nǹkan yẹn lánàá."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àbúrò yín ò fara pa?"

"Kò fara pa. Ó wà nílẹ̀ báyìí."

Kí ẹ̀gbọ́n tó parí ọ̀rọ̀, Ìyá Funfun ti wà nídìí omi ìwẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù tó dára jù. Ó di aṣọ ìnura mẹ́rin, ọṣẹ, oògùn orí fífọ́, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì mẹ́jọ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ náà. Nínú bọ́ọ̀sì kejì, obìnrin kan tó jókòó tì í yíjú sí i.

"Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọrin báyìí, ṣé ìgbéyàwó lẹ̀ ń lọ ni?"

Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé òun ń kọrin.

Ó bá Atẹ̀wé ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti wẹ̀. Ojú rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó jókòó ṣánṣán. Méjì nínú àwọn ọkùnrin ìpàdé rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń po tíì, èkejì jókòó ti Atẹ̀wé. Atẹ̀wé wo àpò tó wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó wá wo ojú rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ìyá Funfun," ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "o ń rẹ́rìn-ín."

Ó fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀. Òótọ́ ni.

"Padà sílé. Mo bẹ̀ ẹ́ ni."

Ọkùnrin tó ń po tíì yíjú sí ògiri, nítorí ojú tì í fún un. Ìyá Funfun gbé àpò rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì méjèèjì padà. Kò sunkún. Ó ń di ẹnu rẹ̀ mú lójú ọ̀nà bí ẹni tí eyín ń dùn.

Lọ́jọ́bọ̀, ó jókòó síwájú Atọ́jú-ọkàn. "Ọkọ mi tún mutí," ó ní. "Inú mi dùn. Mo kọrin nínú bọ́ọ̀sì." Ó ń dúró kí obìnrin náà sọ pé ẹ kú ìgboyà, ẹ kú òótọ́ inú. Bóyá nítorí ìyẹn gan-an ló ṣe sọ ọ́.

"Mo gbọ́," ni obìnrin náà wí. Ní ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ tó ń po ọ̀dà ń kùn.

"Ṣé mo máa gbádùn?"

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn fún yín."

"Kò sẹ́nì kankan nínú ilé mi mọ́."

"Ẹ̀yin wà níbẹ̀."

"Èmi náà ni mò ń wí," ni Ìyá Funfun dáhùn. "Mo wo ibẹ̀ dáadáa, mà. Mi ò rí ẹnì kankan."

Obìnrin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi sórí itan, àwọn méjèèjì sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí wákàtí fi pé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Atẹ̀wé ò pè lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ó ti padà sẹ́nu ìpàdé rẹ̀, ara rẹ̀ ti le, ó sì ní kí ìyàwó òun má pe òun fún ìgbà díẹ̀ ná. Adájọ́ gbé kọ́là rẹ̀ wá, Ìyá Funfun fọ̀ ọ́, ó funfun báláú, adájọ́ yìn ín. Ọ̀rọ̀ náà ò já sí ibì kankan nínú rẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, òjò ń rọ̀. Wákàtí kan kí àkókò tó tó ló ti dé ilé ọ̀dà. Ilẹ̀kùn òkè wà ní títì. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń ro láti orí òrùlé. Kì í ṣe ìrètí ló gbé e wá. Kò kàn rí ibòmíràn tó lè gbé ara rẹ̀ lọ ni. Ẹni tó ń tajà nísàlẹ̀ rí i, ó béèrè bóyá ó ń dúró de ẹnì kan. Ìyá Funfun ronú díẹ̀, ó ní òun ò mọ̀, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn tó ń gbé ọ̀dà gòkè lè ráyè kọjá.